Bí A Ti Lè Jáde Nínú Gbèsè Ilé

A mọ̀ pé láti ìdí iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú yín ti wá sí kíláàsì yìí. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹni tí ó jẹ gbèsè kò jalè. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, ìbáà ṣe aránṣọ, ìbáà ṣe káfíńtà, ìbáà ṣe onídìrí tàbí ẹni tí ń pàtẹ, kò ní ọ̀gá tí yóò san owó fún un ní ìparí oṣù. Bí ọjà bá tà lónìí, ó lè má tà lọ́la. Ṣùgbọ́n ebi kò mọ ọjọ́ tí ọjà kò tà. Ọmọ yóò jẹun. Onílé yóò gba owó ilé. Ilé-ìwé yóò gba owó tirẹ̀. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ àti owó epo jẹnẹrétọ̀ ti ga sókè. Bí nǹkan bá le bẹ́ẹ̀, ènìyàn a yá owó. Yíyá rẹ̀ kò le. Sísan rẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ìwọ̀fà àtijọ́ àti ìwọ̀fà ìsinsìnyí

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, bí ènìyàn bá fẹ́ yá owó, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó ń ṣiṣẹ́ fún olówó títí a ó fi dá owó náà padà. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921.

Ẹ fi etí sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé ni. Iṣẹ́ náà kò dín owó kù rárá. Bí ó tilẹ̀ fi ọdún mẹ́wàá ro oko olówó, iye tí a yá ní ọjọ́ kìn-ín-ní gan-an ni a ó san kí ó tó lè padà sílé.

Òfin ti fi òpin sí ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè. Ẹnì kan yá ₦100,000 lọ́wọ́ olówó èlé. Ó ń san èlé ₦10,000 ní oṣooṣù, kò sì san nǹkan kan lórí ojú owó. Ojú owó ni iye tí a yá gan-an. Èlé ni èyí tí olówó ń gbà lé e. Ní ọdún kan, ẹni yìí yóò ti san ₦120,000. Ó ti ju iye tí ó yá lọ. Síbẹ̀ ó ṣì jẹ ₦100,000. Kí ni a ó pe olúwarẹ̀? Ìwọ̀fà ni, bí ó tilẹ̀ ń sùn nínú ilé ara rẹ̀.

Ohun kan tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí nìyí: èlé sísan nìkan kì í pa gbèsè. Bí a ó ṣe dín ojú owó kù ni kí a máa wá.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

A ti kọ́ ìwé. Ẹ jẹ́ kí ìwé ṣiṣẹ́ fún wa. Gbèsè tí ó wà nínú orí nìkan, ẹ̀rù ni ó máa ń dá bà wá. Èyí tí ó wà lórí ìwé, a lè kà á, a sì lè mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ kọ ohun mẹ́rin nípa gbèsè kọ̀ọ̀kan. Ta ni a jẹ? Èló ni? Èló ni èlé rẹ̀? Ọjọ́ wo ni a ó san án?

Kí tọkọtaya jókòó kọ ọ́ pọ̀. Ẹ̀rù lè ba ìyàwó láti sọ ọ́. Kí ó rọra sọ ọ́ báyìí: “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Gbèsè kan wà tí n kò tíì sọ fún yín.” Bàbá tí ó gbọ́n kò ní pariwo. Yóò ní, “Ìyá Ìbejì, èmi náà ní ọ̀kan tí n kò sọ. Ó yá, mú ìwé wá.” Gbèsè tí ọ̀kan fi pamọ́ fún èkejì ni í da ìṣirò ilé rú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìyàwó jẹ́ aránṣọ, ọkọ jẹ́ káfíńtà, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

Olówó èlé: ₦100,000. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦10,000 ní oṣù.
Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: ₦50,000. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦500 ní oṣù.
Ìyá aláṣọ ní ọjà: ₦60,000. Kò ní èlé.
Ilé-ìwé àwọn ọmọ: ₦40,000. Kò ní èlé.
Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦250,000.

Owó iṣẹ́ kì í ṣe owó ọbẹ̀

Ibi tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ti máa ń ṣubú nìyí. Oníbàárà san ₦10,000 fún aránṣọ. Inú aránṣọ dùn, ó gba ọjà lọ. Ṣùgbọ́n ₦10,000 yẹn kọ́ ni èrè rẹ̀. Bí òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti epo jẹnẹrétọ̀ bá jẹ́ ₦4,000, ₦6,000 péré ni tirẹ̀. ₦4,000 náà, ti ṣọ́ọ̀bù ni. Bí a bá fi owó òwú se ọbẹ̀ lónìí, kí ni a ó fi rán aṣọ lọ́la? A ó tún lọ yá owó ni.

Ẹ wá agolo mẹ́ta. Ọ̀kan fún iṣẹ́. Ọ̀kan fún ilé. Ọ̀kan fún gbèsè. Ní ìrọ̀lẹ́, kí a tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí a pín owó sí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó ti wù kí ti gbèsè kéré tó, kí a má ṣe fo ó.

Bí owó kì í bá pẹ́ ní ọwọ́ yín, ẹ lè fi ti gbèsè dá àjọ. Ká ní ìdílé tí a ń wí yìí ń dá ₦1,500 ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá a fún ọjọ́ 27 nínú oṣù. Alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀. Yóò sì kó ₦39,000 fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Alájọ tí ẹ mọ ilé rẹ̀, tí ẹ mọ ìwà rẹ̀, ni kí ẹ fún lówó. Ẹ máa ka káàdì yín lójoojúmọ́, kí ẹ rí i pé ó fa àmì sí i lójú yín.

Èwo ni kí a kọ́kọ́ pa?

Ẹlòmíràn a máa kọ́kọ́ sanwó fún ẹni tí ó pariwo jù. Kò tọ̀nà. Àwọn àgbà ní, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Gbèsè tí èlé rẹ̀ wúwo jù ni ẹ̀tẹ̀. Òun ni kí a dojú kọ.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sá fún àwọn yòókù. Ẹ lọ bá ìyá aláṣọ kí òun tó wá bá yín. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní, “Ẹ kú ọjà o, mà. Gbèsè yín ń bẹ lọ́kàn wa. Ẹ jẹ́ ká máa mú ₦2,000 wá lóṣooṣù títí ọwọ́ wa yóò fi dẹ̀.” Inú ẹni tí ó ń rí ₦2,000 gbà ní oṣooṣù dùn ju ti ẹni tí a ṣèlérí ₦60,000 fún, tí kò rí kọ́bọ̀. Kí a bá ilé-ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀, kí àwọn náà máa gba ₦2,000. Ẹgbẹ́ yóò gba ₦5,000, èlé wà nínú rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ₦9,000. Ó ku ₦30,000 fún olówó èlé.

Kí ẹ tó san án, ẹ bi í léèrè pé, “Bí a bá san díẹ̀ lórí ojú owó, ṣé èlé yóò dín?” Bí ó bá gbà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fi ọwọ́ sí i. Nígbà náà ni sísan rẹ̀ yóò lọ báyìí:

Oṣù kìn-ín-ní: èlé ₦10,000, ojú owó ₦20,000. Ó ku ₦80,000.
Oṣù kejì: èlé ₦8,000, ojú owó ₦22,000. Ó ku ₦58,000.
Oṣù kẹta: èlé ₦5,800, ojú owó ₦24,200. Ó ku ₦33,800.
Oṣù kẹrin: èlé ₦3,380, ojú owó ₦26,620. Ó ku ₦7,180.
Oṣù karùn-ún: èlé ₦718, ojú owó ₦7,180. Ó tán.

Ṣé ẹ rí i? ₦30,000 kan náà ni wọ́n ń mú wá, ṣùgbọ́n bí ojú owó ti ń dín ni èlé ń dín. Gbogbo èlé tí wọ́n san jẹ́ ₦27,898. Bí ó bá jẹ́ èlé nìkan ni wọ́n ń san, wọn ì bá ti san ₦50,000 ní oṣù márùn-ún yẹn, wọn ì bá sì tún jẹ ₦100,000. Ní oṣù karùn-ún, ₦22,102 ṣẹ́ kù nínú ₦30,000. Kí wọ́n fi san ti àwọn yòókù. Bí nǹkan kò bá dàrú, gbogbo gbèsè yóò ti tán ní oṣù kẹjọ.

Bí olówó bá kọ̀, tí ó ní òun kò gba díẹ̀díẹ̀ ńkọ́? Ẹ máa fi owó náà pamọ́ títí yóò fi pé, kí ẹ san án lẹ́ẹ̀kan. Tàbí kí ẹ yá owó ẹgbẹ́ tí èlé rẹ̀ fúyẹ́, kí ẹ fi pa ti olówó èlé. Ọ̀dọ̀ olówó tààrà ni kí owó náà gbà lọ o. Kò gbọdọ̀ ya ọjà.

Ibi tí a lè yá owó sí

Òfin tí ó fi ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù múlẹ̀ ní Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1935. Owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń yá ara wọn, ìdí nìyẹn tí èlé rẹ̀ kì í fi í wúwo. Ó ní kí a kọ́kọ́ fi owó pamọ́, ó sì ní kí a mú onígbọ̀wọ́ wá. Ẹ má ṣe rí i bí ìyà. Ẹni tí ó gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá yóò ti rò ó dáadáa kí ó tó yá owó.

Ẹ ṣọ́ra fún owó tí wọ́n ń yá ni lórí fóònù. Ó yá, kò gba onígbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n èlé rẹ̀ lè wúwo púpọ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì kúrú. Láyé àtijọ́, olówó a máa rán ológò sí ilé ajigbèsè. Ológò yóò jókòó síbẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa pa adìyẹ ilé jẹ, títí a ó fi wá owó. Àwọn kan nínú àwọn olówó orí fóònù ti ṣe ju ti ológò lọ. Wọ́n fi iṣẹ́ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fóònù ajigbèsè. Ní ọdún 2022, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, ṣe ìlànà pé kí irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá dójú tì yín, ẹ lè fi ẹjọ́ wọn sun àjọ náà.

Ẹ má ṣe gbàgbé ilé

Gbèsè kò gbọdọ̀ pa ẹni tí ń san án. Ẹ má ṣe mú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé láti wá jókòó ti ọjà. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ni ẹ fi ṣe ìwọ̀fà. Ẹ má ṣe rán aṣọ mọ́jú lójoojúmọ́. Ẹni tí gbèsè sọ di aláìsàn yóò tún jẹ gbèsè oògùn. Bí ìyá bá ní iṣẹ́ tí yóò parí ní alẹ́, kò sí ohun tí ó burú bí bàbá bá se ẹ̀bà, tí ó sì wẹ ọmọ.

Ní ti aṣọ ẹbí àti ìnáwó, ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ẹ lọ, ẹ bá wọn jó, ẹ wọ aṣọ tí ẹ ní. Ẹni tí ó fẹ́ràn yín kò ní lé yín.

Bí ọmọ bá ṣàìsàn, tí oṣù kan sì bàjẹ́, ẹ má ṣe sọ ìwé nù. Ẹ lọ sọ fún olówó kí ọjọ́ tó pé. Bí oṣù kan bá bọ́, kí èkejì má ṣe bọ́.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sanwó, ẹ gba rìsíìtì, ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá tán, ẹ má ṣe dá ₦1,500 yẹn dúró. Ẹ máa dá a lọ. Tiyín ni báyìí. Òun ni yóò gbà yín ní ọjọ́ tí ọjà kò bá tà, tí ẹ kò fi ní tún kan ilẹ̀kùn olówó èlé.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ gbèsè ilé yín sílẹ̀, ti ńlá ti kékeré. Ẹni tí kò bá lè kọ gbogbo rẹ̀, kí ọmọ ràn án lọ́wọ́. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ èyí tí èlé rẹ̀ wúwo jù. Ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.