Ta Ni Yóò Sanwó Ìmọ̀ Apòògùn?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tuntun tó ń ṣí sílẹ̀ fún apòògùn, àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́. N kò ní ka ọ̀nà náà lọ́kọ̀ọ̀kan fún yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: páálí òògùn là ń sanwó rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, a kì í sanwó ìmọ̀ ẹni tó mọ òògùn. Láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìṣòro yòókù ti ń ṣàn wá.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ tí a jọ ń mí. Láti òpin ọdún 2016 ni èéfín dúdú ti ń rọ̀ sórí ìlú Port Harcourt yìí. Ẹ nu fèrèsé láàárọ̀, ó ti dúdú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ sá aṣọ funfun, ẹ kó o wọlé pẹ̀lú àbàwọ́n. Gbogbo wa la mọ ibi tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá: ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì ní kọ̀rọ̀ odò, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní kpo-fire, àti iná tí àwọn agbófinró ń sọ sí epo tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ̀ ọ́. Èéfín yìí kì í ṣàánú ẹni tó ní ikọ́ fée. Bí àyà bá ń há ọmọ lóru ní Diobu tàbí ní Rumuokoro, kì í ṣe ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Port Harcourt (UPTH) ní Alakahia ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ń sáré lọ. Kẹ́míìsì tó wà nítòsí ni.

Kí ni ó máa bá níbẹ̀? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline, ilé iṣẹ́ òògùn tó ti ń ṣòwò ní Nàìjíríà fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, kéde pé òun ń palẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Sanofi, ilé iṣẹ́ òògùn mìíràn, náà ní òun kò ní fúnra òun ta òògùn níbí mọ́. Náírà sì ti já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà. Nítorí pé òkè òkun la ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú òògùn tí à ń lò, owó Ventolin, agolo kékeré tí oníkọ́ fée ń tẹ̀ sẹ́nu, fò sókè lọ́po lọ́po láàárín oṣù díẹ̀. Augmentin, òògùn tí ń pa kòkòrò àìsàn, náà bá a lọ. Ìlú tí èéfín ń pa láyà ni ìlú tí agolo yìí ti di ohun olówó.

Ẹ wá wo ohun tó yẹ kí apòògùn ṣe kó tó nawọ́ sí òògùn. Ó ní láti wádìí bóyá ikọ́ fée ni lóòótọ́. Ó ní láti bèèrè iye ìgbà tí ọmọ náà ń lo agolo lọ́sẹ̀, torí bó bá ti ń ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, èyí tí ń tu àyà nìkan kò tó mọ́. Ó ti nílò èyí tí kì í jẹ́ kí ọ̀nà èémí wú rárá. Ó ní láti wo bó ṣe ń lò ó: kó mi agolo, kó mí jáde, kó fi ètè ká ẹnu rẹ̀ pinpin, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń fa èémí wọlé díẹ̀díẹ̀, kó sì di èémí náà mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè ṣe gbogbo èyí. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ahọ́n ni òògùn ń bà sí, owó ìyá sì ti jóná. Ṣùgbọ́n ní 1999, àwọn olùwádìí ní Cape Town fi hàn pé ike omi ìdajì lítà lásán, tí a dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí ẹnu agolo lè wọ̀ ọ́ tí afẹ́fẹ́ kò fi ní ráyè jò, lè gbé òògùn náà dé ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé bí èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Ike omi kan àti àlàyé díẹ̀, ọmọ sùn. Ta ló sanwó àlàyé náà? Kò sẹ́ni. Bí ìyá náà bá ti gbọ́ iye owó agolo tó sì yí padà lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ti ẹ̀dínwó, apòògùn tó ti sọ gbogbo èyí kò rí kọ́bọ̀.

Àwọn baba wa ní ilẹ̀ Yorùbá kò ṣe báyìí. Lẹ́kulẹ́já ń ta egbò, èèpo igi àti orí ẹranko. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá ló ń lọ bá a, ó sanwó ọjà, ó lọ. Ẹni tó bá sì lọ sọ́dọ̀ babaláwo yóò kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀ kí wọ́n tó yẹ ọ̀ràn rẹ̀ wò, nígbà tí kò tíì fojú kan ewé kankan. Owó ìmọ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń bá babaláwo jà lé e lórí. Láti 1887 tí Zachaeus Bailey ti ṣí ilé òògùn sí Balógun ní Èkó, a kó iṣẹ́ méjèèjì yìí sábẹ́ òrùlé kan, a wá ń san ti lẹ́kulẹ́já nìkan. Mo gbà pé àwa apòògùn fúnra wa lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi jókòó sẹ́yìn káńtà tí a ń ka tábúlẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀rá, tí a sì fi ìmọ̀ ṣe èènì.

Ohun tó ti ibẹ̀ jáde burú. Gbogbo ẹni tó wà nínú iṣẹ́ yìí ló mọ ohun tí à ń pè ní "register and go". Oníṣòwò kan ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó yá ìwé àṣẹ apòògùn kan, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ògiri, apòògùn náà gba owó ọdọọdún, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ tó jáde ìwé mẹ́wàá ló kù sẹ́yìn káńtà. Mo kórìíra ìwà yìí, n kò sì ní fi èdè àpọ́nlé bò ó: ẹni tó bá yá ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù tí kò sí nínú rẹ̀ ti ta àwọn aláìsàn àdúgbò yẹn. Síbẹ̀, ìwà náà kò ní tán nípa ìbáwí nìkan. Níbi tí ìmọ̀ kò bá ti lówó lórí, ìwé àṣẹ ni yóò lówó.

Èyí ló jẹ́ kí n máa fi ìṣọ́ra sọ̀rọ̀ ọ̀nà tuntun. Àwọn ọ̀nà náà wà, wọ́n sì dára. Adebayo Alonge, tó kọ́ iṣẹ́ òògùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ayédèrú òògùn ikọ́ fée gbé òun ṣubú débi pé òun kò mọ ara òun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó dàgbà, ó wà lára àwọn tó dá RxAll sílẹ̀, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré tí ń fi ìmọ́lẹ̀ yẹ òògùn wò tí ó sì ń fi wé ti gidi. Apòògùn ni, kò sì sí lẹ́yìn káńtà. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti òògùn, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2010 pé kí ẹni tó ra òògùn ha ara páálí, kó fi nọ́ńbà ibẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ó ṣàǹfààní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì pọ̀. Onitsha àti Aba kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni NAFDAC ti ti àwọn ọjà òògùn pa ní oṣù Kejì ọdún 2025, pẹ̀lú Ìdúmọ̀tà ní Èkó. Èbúté Onne tó wà létí ilé wa níbí ni wọ́n ti ń gba kọ́ńténà codeine àti tramadol mú léraléra. Ẹni tó bá mọ bí òògùn ṣe ń rìn láti èbúté dé ṣọ́ọ̀bù, tó mọ ìwé rẹ̀ àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nínú òtútù, iṣẹ́ ń bẹ fún un ní ìpínlẹ̀ Rivers ju bó ti mọ̀ lọ.

Ẹ tún wo ilé iṣẹ́ tó ń po òògùn. Ní 1990, ní Ìbàdàn àti ní Jos, òògùn olómi pa ọ̀pọ̀ ọmọdé. Láti òpin 2008 wọ inú 2009, ó tún ṣẹlẹ̀: My Pikin, òògùn tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín, pa ọmọ 84. Ohun kan náà ló wà nídìí méjèèjì. Propylene glycol ni wọ́n fẹ́ fi po òògùn. Diethylene glycol, tó jọ ọ́ lójú, tó dùn lẹ́nu, tó sì ń ba kíndìnrín jẹ́, ni wọ́n rà. Ìdánwò tó lè fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn kò ṣòro, kò sì gba ọjọ́ kan. Ìlànà pípo kọ́ ló pa àwọn ọmọ náà. Dúrọ́ọ̀mù kan ló wọlé tí kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2022, bí àádọ́rin ọmọ kú ní Gáḿbíà lẹ́yìn tí wọ́n mu òògùn olómi tí wọ́n bá májèlé kan náà nínú rẹ̀. Nítorí náà bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sọ fún mi pé iṣẹ́ àyẹ̀wò inú ilé ìṣèwádìí kò ní iyì tó ti ilé ìwòsàn, mo máa ń ní kó ronú kan dúrọ́ọ̀mù yẹn. Kì í ṣe ọ̀nà kékeré ló sì máa ń já sí: apòògùn ni Dora Akunyili, apòògùn ni Mojisola Adeyeye, àwọn méjèèjì ló sì di olórí NAFDAC.

Àwọn ọ̀nà mìíràn ń bẹ tí n kò ní pẹ́ lé lórí: pípo òògùn jẹjẹrẹ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ṣíṣe ìwé ìforúkọsílẹ̀ òògùn, ìwé ẹ̀rí gíga ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn apòògùn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àti oyè alábòójútó àgbà (consultant) fún apòògùn ilé ìwòsàn, èyí tí àwa àti àwọn dókítà ṣì ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ìjà yẹn ń dùn mí. Aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò bèèrè oyè ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ òògùn ní yunifásítì ìlú yìí, mo mọ ibi tí ọkàn yín wà. Púpọ̀ yín ti ń ka ìwé ìdánwò Kánádà àti ti Bìrìtìkó. N kò dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń san lọ́hùn-ún dáadáa. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ní England, ẹni tí ọ̀fun tàbí etí ń dùn lè lọ bá apòògùn àdúgbò tààrà. Àìsàn méje ni wọ́n yàn fún ètò náà, wọ́n sì ń pè é ní Pharmacy First. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba ń san £15 fún apòògùn lórí àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, ì báà fún aláìsàn ní òògùn, ì báà fún un ní ìmọ̀ràn nìkan. Ohun tí apòògùn Diobu ń ṣe lóru láìgba kọ́bọ̀ nìyẹn. Ìmọ̀ kan náà ni, ọmọ Nàìjíríà kan náà ló sì lè máa ṣe é níbi méjèèjì.

A ní òfin tó lè bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan pé kí olúkúlùkù wà lábẹ́ ètò náà, ìpínlẹ̀ Rivers sì ní tirẹ̀. Ohun tí mo ń bèèrè kò tóbi. Kí ètò ìpínlẹ̀ yìí yan ikọ́ fée nìkan, ní Port Harcourt nìkan. Kí apòògùn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóòótọ́ kọ́ aláìsàn bí a ṣe ń lo agolo, kó pè é padà lẹ́yìn oṣù kan, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kí wọ́n sì sanwó iṣẹ́ náà fún un, yálà ó ta òògùn tàbí kò tà á. Wọn yóò bi wá pé ẹ̀rí wo la ní pé yóò dín iye ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sí yàrá pàjáwìrì kù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò kó ẹ̀rí yẹn jọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń kọ́ṣẹ́: ẹ kọ ọjọ́ orí aláìsàn, iye ìgbà tí àyà há a, bó ṣe ń lo agolo kí ẹ tó kọ́ ọ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Tí òjò bá parí, tí ọyẹ́ dé, tí èéfín tún wálẹ̀, ẹ mú ìwé náà wá, kí á jọ gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn.