Àwọn Tí Arìnrìn-àjò Fi Sílẹ̀ Nílé

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomaíkò, ìròyìn ẹni tí ó lọ sí òkè òkun kì í ṣe àjèjì sí yín. Ti àwọn tí ó kù sílé ni àwọn ènìyàn kì í sábà sọ.

Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹni tí ó ń lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó níbẹ̀ láyè mọ́ láti mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà mọ́ ẹni tuntun láti òkèèrè. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń wẹ arúgbó ẹlòmíràn lọ́hùn-ún lè ní ìyá arúgbó tirẹ̀ níhìn-ín, tí orúnkún ń dùn, tí ó sì ń fa ọmọ-ọmọ sọdá títì Àgbádárìgì lọ sí ilé-ìwé.

Owó ń dé lóòótọ́, èyí kò ṣe é kó dànù. Ṣùgbọ́n owó kò lè gbé ọmọ tí ibà kọ lù lóru. Ìyá àgbà ni yóò gbé e, kò sì ní ráhùn lórí fóònù, kí ọkàn ẹni tí ó wà lájò má baà dàrú.

Kí ọmọ má gbọ́ irọ́ pé ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la. Kí arìnrìn-àjò tó gbéra, kí ẹbí jókòó, kí wọ́n pinnu ẹni tí yóò máa bá ìyá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn, ẹni tí yóò máa lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, àti iye tí yóò jẹ́ ti ìyá àgbà fúnra rẹ̀ nínú owó tí ń wọlé. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.