Eruku Òkúta Kì Í Ṣe Eruku Lásán

Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo ẹni tó ń fọ́ òkúta ní kọ́rì, tó ń gbẹ́ kànga tàbí tó ń gé táìsì, títí kan ẹni tó ń fọ aṣọ iṣẹ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ yín máa ń mu mílíìkì tàbí epo pupa lẹ́yìn iṣẹ́ kó lè fọ eruku kúrò láyà. Ẹ má bínú, owó ṣòfò ni. Ikùn ni mílíìkì ń lọ. Ẹ̀dọ̀fóró ni eruku wà.

Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Òkúta akọ, irú èyí tí a ń fọ́ ní agbègbè Abẹ́òkúta, ní sílíkà nínú. Eruku rẹ̀ tó tóbi, imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á gbá a mú. Èyí tó kúnná tí ojú ò lè rí ló ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń ṣọ́ ibẹ̀ bí ọlọ́dẹ: bí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọn á gbé e mì, wọn á fi omi kíkan inú àpò wọn yọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òkúta kì í yọ́. Àpò náà á bẹ́, sẹ́ẹ̀lì á kú, àmọ́ kó tó kú á ti lu agogo pe àwọn yòókù. (NLRP3 ni wọ́n ń pe agogo yìí, ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé sílíkà ń lù ú.) Àwọn tó sáré wá á gbé òkúta kan náà mì, àwọn náà á kú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóró á máa wú, àpá á máa bò ó, títí yóò fi le tí kò ní lè fẹ̀ mọ́. Kò sí oògùn tó ń pa àpá yẹn rẹ́. Nígbà tí ọlọ́dẹ sì ti kú, ikọ́ fée á ráàyè wọlé.

Ní Hawks Nest, ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, ní 1930 sí 1931, wọ́n gbẹ́ ihò gba inú òkè kọjá láìda omi sí òkúta, kí iṣẹ́ lè yá. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́. Dókítà Martin Cherniack ṣírò rẹ̀ ní 1986 pé, ó kéré tán, 764 ló kú.

Omi tí wọn kò lò yẹn ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí a máa fi omi rin òkúta bí a ṣe ń fọ́ ọ. Áńkáṣífù lórí imú kò tó. Ẹni tó ni kọ́rì ló yẹ kó ra ẹ̀rọ omi àti ìbòmú gidi, kì í ṣe alágbàṣe. Ẹ má gbọn aṣọ iṣẹ́ níbi tí ọmọ ń sùn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ sí ọsibítù ìjọba; ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ikọ́ fée níbẹ̀. Kó sì sọ fún dókítà pé òkúta lòun ń fọ́, bí wọn ò tilẹ̀ béèrè.