Jẹ́látìnì Inú Oògùn: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Mùsùlùmí Mọ̀
(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ìjàyè)



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ń wo aláìsàn sàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè kan kò yéé jẹ yọ láàrin wa: ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí gbé kápúsù mì, nígbà tí a gbọ́ pé ohun ara ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀? Ìbéèrè olùbẹ̀rù Ọlọ́hun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tìtorí rẹ̀ da oògùn nù lè fi ẹ̀mí ṣòfò.

Ẹni tí ó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù rí mọ̀ pé bí omi rẹ̀ bá sùn mọ́jú, yóò dì. Ohun tí ó mú un dì ni jẹ́látìnì. Láti inú awọ àti egungun màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹja ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Òun ni wọ́n fi ń ṣe èèpo ọ̀pọ̀ kápúsù, nítorí pé ó ń tètè yọ́ nínú ikùn. Wọ́n sì ń fi í sínú àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára kan, kí agbára wọn má baà tètè bàjẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo kápúsù ni ti ẹlẹ́dẹ̀. Èròjà ara ewéko ni wọ́n tilẹ̀ fi ń ṣe òmíràn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti oníṣègùn tí wọ́n péjọ sí Kuwait sọ pé jẹ́látìnì ti yí padà kúrò ní ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì ti di mímọ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Indonesia pe abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi kan ní èèwọ̀ nítorí ohun ẹlẹ́dẹ̀, síbẹ̀ wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ nítorí làlúrí, nígbà tí kò sí òmíràn. Ẹ wo Súrátùl-Bákọrá, ẹsẹ 173: ibẹ̀ ni Ọlọ́hun ti ṣe ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀, ibẹ̀ náà ni Ó ti ṣe ìrọ̀rùn fún ẹni tí ìnira bá há mọ́.

Kí wá ni ojúṣe wa? Ẹni tí ń gbé oògùn kiri lọ́jọ́ ọjà kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ẹ bi apoògùn tàbí dókítà bóyá oníhóró tàbí olómi wà. Bí ó bá wà, ẹ gba ìyẹn. Ẹ má ṣe já kápúsù dà sínú ẹ̀kọ láìbéèrè, nítorí pé àwọn mìíràn wà tí kò gbọdọ̀ tú kí wọ́n tó dé ìfun. Bí kò bá sí òmíràn, ẹ lo oògùn náà pé. Ẹ̀mí tí Ọlọ́hun fi sí ìkáwọ́ wa, àmánà ni.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ àti àlàáfíà. Àmín.