Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí A Lo Ofadíráìfù ní Ilẹ̀ Olókè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà ara là á búra. Ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ọ̀rọ̀ ìgbà ni mo fẹ́ bá yín sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ni ó dá lé. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ bọ́tìnnì kékeré kan wò, èyí tí ó wà lára ọwọ́ gíà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọtọmátíìkì tí a ń wà láàárín Ìkàrẹ́, Àkùngbá àti Ìwàrò-Ọ̀kà. O/D ni wọ́n kọ sí i lára; ofadíráìfù ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fọwọ́ kàn án. Ní ilẹ̀ olókè bíi tiwa, àìmọ̀ ìgbà tí a ń lò ó lè gba ẹ̀mí.

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan rò pé agbára àpọ̀jù ni orúkọ yìí ń tọ́ka sí, pé ọkọ̀ á túbọ̀ lágbára bí ó bá wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí orúkọ náà ń sọ ni pé irin tí ó ń gbé agbára jáde láti inú gíábọ́ọ̀sì ń yí ju ẹńjìnnì fúnra rẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀ ọtọmátíìkì onígíà mẹ́rin, bí ẹńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan ní gíà kẹta, irin yìí náà á yí lẹ́ẹ̀kan. Ní gíà kẹrin, tí í ṣe ofadíráìfù, bí ẹńjìnnì bá yí ní ìgbà méje, irin náà á yí ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá. Ẹńjìnnì á sinmi, ariwo rẹ̀ á lọ sílẹ̀, epo tí ó ń mu á sì dín kù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jèrè ní ìsinmi, ó pàdánù rẹ̀ ní agbára: agbára láti fa ọkọ̀ gòkè, àti agbára láti fa ọkọ̀ sẹ́yìn nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Epo ni ó mú kí irú gíà yìí gbilẹ̀ nínú ọkọ̀ ọtọmátíìkì. Nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè ní àgbáyé ní ọdún 1973, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò fi máa mu epo níwọ̀nba. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1980, ilé iṣẹ́ Ford ti Amẹ́ríkà ti gbé gíábọ́ọ̀sì onígíà mẹ́rin kan jáde tí ó ní ofadíráìfù nínú. Lẹ́yìn náà, àwọn Toyota àti Nissan tí a ń rà ní tòkunbọ̀ kó o wọ àárín wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, bí a bá pa ofadíráìfù, iná kékeré kan á tàn níwájú awakọ̀ pé O/D OFF. Ẹ kíyèsí i dáadáa: iná náà tàn nítorí pé ohun náà kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé iná tí ó tàn ni àmì pé ofadíráìfù ń ṣiṣẹ́, òdì gbáà ni yóò máa ṣe ní gbogbo ọ̀nà. Bí iná náà bá wá ń ṣẹ́jú, tí ó ń tàn tí ó ń kú, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ó sábà ń túmọ̀ sí pé àléébù wà nínú gíábọ́ọ̀sì, ẹ wá mẹkáníìkì lọ.

Nígbà wo ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, nígbà wo sì ni ó yẹ kí a yọ ọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi ìrìn àjò kan wò ó. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Èkó, tí ó gba Ṣàgámù kọjá sí Ọ̀rẹ̀, ọ̀nà gbọọrọ ni ó ń tọ̀. Kí ó fi ofadíráìfù sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á wọ gíà náà nígbà tí eré rẹ̀ bá tó, á sì jáde nígbà tí eré bá dín kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kọjá Ọ̀wọ̀, tí ó gba Ọ̀bà dé Àkùngbá, tí ó sì yà sí Ìwàrò láti gun òkè Ọ̀kà, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí ó bá fi ofadíráìfù sílẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ á wọ gíà kẹrin, kò ní lè fà á, á padà sí ìkẹta. Bí ó bá tún rọ̀ díẹ̀, á tún wọ ìkẹrin. Lọ-bọ̀ lọ-bọ̀ yìí ń mú ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì gbóná, ooru sì ni ọ̀tá gíábọ́ọ̀sì. Kí ó tẹ bọ́tìnnì, kí iná O/D OFF tàn, kí ó gun òkè rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun kan náà ni kí ẹni tí ẹrù rẹ̀ wúwo ṣe.

Ìgòkè kọ́ ni ewu tí ó tóbi jù, ìsọ̀kalẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn jagunjagun Tápà ń yọ Àkókó lẹ́nu ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí òkè ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa fi ṣe ibùgbé. Wọ́n mọ bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó ru iṣu bọ̀ láti orí òkè kì í sáré. Á fa ara sẹ́yìn, á gún gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, ìṣísẹ̀ rẹ̀ a sì kúrú. Gíà kékeré ni gìgísẹ̀ ọkọ̀. Bí a bá yọ ofadíráìfù, ẹńjìnnì fúnra rẹ̀ á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bá le, gíà kẹta kò tó. Kí a tẹ búréèkì kí eré dín kù, kí a fà á sí 2, bí ó bá sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a fà á sí L. Gíà tí ì bá gbé wa gun òkè náà ni kí a fi sọ̀ ọ́.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni búréèkì wà fún? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1,500 kìlógíráàmù bá sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tí ó ga ní 100 mítà, tí búréèkì nìkan sì ń dì í mú, ooru tí yóò jáde lè mú omi tútù tí ó tó nǹkan bíi lítà mẹ́rin hó. Bí ó bá jẹ́ tírélà 40 tọ́ọ̀nù, omi náà á ju 100 lítà lọ. Búréèkì tí ó bá gba irú ooru bẹ́ẹ̀ láìsinmi kò ní lè di ọkọ̀ mú mọ́. Ọ́ìlì rẹ̀ pàápàá lè hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì rì láìsí èsì.

A ti rí ohun tí ẹrù wúwo lè ṣe ní agbègbè yìí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, tírélà kan tí ó ru sìmẹ́ńtì ya bàrá mọ́ awakọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ nítòsí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá. Akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tí ó kú. Tírélà kì í sábà ní bọ́tìnnì tí mo ń sọ yìí, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni òkè fi ń bá ọkọ̀ kékeré àti ọkọ̀ ńlá wí.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, owó epo ti di ẹrù ńlá lọ́rùn awakọ̀. Àwọn kan a máa fi ọkọ̀ sí fíríì bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí epo má baà jó. Àṣìrò ni. Nínú ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, bí a bá wà nínú gíà tí a sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ibi tí a ti ń tẹ epo, kọ̀ǹpútà náà á sábà dá epo dúró pátápátá nígbà tí òkè bá ń tì wá lọ. Ní fíríì, ẹńjìnnì gbọ́dọ̀ mu epo kí ó má baà kú. Ẹni tí ó sọ̀ ní fíríì ti ju gìgísẹ̀ rẹ̀ nù, kò sì jèrè epo.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun kò ní bọ́tìnnì O/D mọ́. Ẹ má torí ìyẹn sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹ wo ara ọwọ́ gíà yín: S, 3, 2, L tàbí M, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n lè bá yín ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ofadíráìfù dára fún ọ̀nà tí ó tẹ́jú. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ kí ó bá yín ṣọ́ owó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ọ̀kà, kí ọwọ́ yín ti wà lórí bọ́tìnnì náà. Bí ẹńjìnnì bá wá pariwo díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù: ó ń bá yín di ọkọ̀ mú ni. Ọ̀nà á rọ̀ wá lọ́rùn o.