Báwo ni Crowther, orúkọ àwọn onígòjé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe di orúkọ ìdílé Yorùbá?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn wa bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ nílùú Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire rè é.



Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo wá ni wọ́n wò kí wọ́n tó pe ọmọ Òṣoògùn ní Crowther?

Ilé onígòjé ni

Láyé àtijọ́, ohun èlò orin olókùn kan wà ní Wales àti England tí wọ́n ń pè ní 'crwth'. Ọrun ni wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀, bíi gòjé tiwa. Ẹni tó ń ta á ni wọ́n ń pè ní Crowther. Iṣẹ́ di orúkọ ìdílé, bí Àyàn ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn onílù wa. Agbègbè Yorkshire ló ti gbilẹ̀, kò sì wọ́pọ̀ tó Smith tàbí Johnson.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?

Lọ́dún 1821, àwọn akónilẹ́rú kọlu Òṣoògùn, wọ́n sì kó ọmọdé kan tó ń jẹ́ Àjàyí. Wọ́n tà á káàkiri títí ó fi dénú ọkọ̀ àwọn Potogí. Lóṣù Kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Sierra Leone.

Nígbà tó ṣe ìrìbọmi lọ́jọ́ 11, oṣù Kejìlá, ọdún 1825, ó gba orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà ìjọ Christ Church, Newgate, ní London, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ CMS. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Cole, Macaulay àti Williams náà gbà di orúkọ àwọn Sàró.

Orúkọ náà bá a wálé. Ọmọ rẹ̀, Dandeson, gbé e dé Niger Delta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Ọmọbìnrin rẹ̀, Abigail, fẹ́ Macaulay, ìdí nìyẹn tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ń jẹ́ Herbert Macaulay.

Ṣùgbọ́n Àjàyí kò sọnù. Lọ́dún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan Afala, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ìyá yẹn kò mọ Crowther kankan. Àjàyí ló bí.

Kí ló kàn wá níbí?

Faransé náà ní ọwọ́ tó fi ń kọ orúkọ. Àjàyí ti Èkó máa ń di Adjayi nínú ìwé Cotonou. Ṣọlá a di Chola. Bí akọ̀wé mairie bá kọ ti ẹ̀gbọ́n báyìí, tó kọ ti àbúrò bọ̀hún-ùn, ọjọ́ ìwé ìrìnnà tàbí ogún ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ọmọ yín sínú ìwé pélébé kí ẹ tó lọ, kí ti gbogbo wọn bára mu. Ẹ sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọmọ náà pẹ̀lú oríkì rẹ̀. Akọ̀wé lè ṣi orúkọ kọ. Ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kò ní ṣìnà ilé.