Bí A Ṣe Ń Dán Ẹ́ńjìnnì Onírótọ̀ Tòkunbọ̀ Wò Kí A Tó Sanwó

 

Ẹ̀yin mẹ́káníìkì àti onímọ́tò tí ń bẹ láàárín wa ni ọ̀rọ̀ mi òní bá wí. Owó èésú tí ènìyàn fi oṣù púpọ̀ dá ni ó sábà máa ń kó lé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá jẹ́ òkú, owó lọ, orúkọ ẹni sì bàjẹ́ ní ìlú onílùú. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí.

Ẹ́ńjìnnì tí ó mọ́ wa lára ní písítìnì tí ń lọ sókè sódò. Ṣùgbọ́n Felix Wankel, ará Jámánì, ṣe irú mìíràn tí ń yí po. Mazda ti ilẹ̀ Jàpáànù fi sínú RX-7 láti ọdún 1978, wọ́n sì fi sínú RX-8 láti 2003 títí di 2012. Rótọ̀ onígun mẹ́ta ni ó dúró ní ipò písítìnì. Síìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ṣóńṣó igun kọ̀ọ̀kan. Ìhà mẹ́ta ni rótọ̀ kan ní, ìhà kọ̀ọ̀kan sì ní kọ̀ńpúrẹ́ṣọ̀n tirẹ̀.

Níbẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Ìhà tí ó lágbára jù nìkan ni géèjì lásán ń fi hàn, nítorí fáàfù kékeré inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ padà sílẹ̀. Ìhà méjì lè ti kú, kí géèjì máa pè é ní alààyè. Ẹ yọ fáàfù náà, kí ẹ sì wo bí abẹ́rẹ́ ti ń fò: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Síìlì kan ni ó la ìhà méjì; bí ó bá fọ́, ìfò méjì ni yóò rọ̀.

Bí wọ́n bá ti tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kúrò lára gíá ńkọ́? Sítátà kò ní ríbi dì mọ́. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì kan nínú méjì tí rótọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, kí ẹ fi sípánà yí bọ́ọ̀tì iwájú sí apá ọ̀tún, kí ẹ sì fetí sí èémí mẹ́ta. Lára RX-7 tí wọ́n ti yọ sàlẹ́ńsà rẹ̀, ẹ yọjú wo ihò èéfín. Bí síìlì bá ti ń kọjá, ẹ fi igi kékeré tẹ̀ ẹ́: ó yẹ kí ó wọlé díẹ̀, kí ó sì ta padà.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ́ìlì. Bí ẹni tí ń tà á bá ti dà á sínú rẹ̀, kọ̀ńpúrẹ́ṣọ̀n yóò ga fún ìgbà díẹ̀. Ẹ yí i títí ọ́ìlì yóò fi tán, kí ẹ tún un dán wò.

Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ dán ọjà rẹ̀ wò, ẹ dágbére fún un. Ẹ kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ yín bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. A kò ní fi owó àjò jóná o.